Ìwé Tí Mínísítà Nìkan Gbọ́dọ̀ Rí

Mo ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ mi nígbà tí ọ̀gá wa kan ilẹ̀kùn. Kábónì, bébà dúdú tí a máa ń fi sí àárín ìwé tí a bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a máa lẹ̀ mọ́ni níka, ọṣẹ lásán kò sì lè bọ́ ọ. Ìyá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní àdúgbò Hanoukopé ló kọ́ mi pé kí n máa gé ọsàn sí méjì kí n fi pa á. Mo ti fọ ọwọ́ ọ̀tún tán. Ó ku ọwọ́ òsì.

Ọ̀gá wa yọ orí wọlé. "Mamusẹ́ẹ̀lì," ó ní, bí wọ́n ti máa ń pe wúńdíá tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lomé, "aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá. Àbí ọsàn ni mínísítà yóò kà fún àwọn aṣòfin lónìí?"

Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ ìnura, mo kó fáìlì méjì tó wà lórí tábìlì, mo sì jáde láìso okùn wọn.

Àsíá Faransé ló ṣì wà lórí gbogbo ilé ìjọba nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún wa ní ìgbìmọ̀ aṣòfin àti àwọn mínísítà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn sísítà ìjọ Àgùdà, mo ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n sì ti gbà mí sí ọ́fíìsì mínísítà ètò ìṣúná, kí wọ́n fi ọdún kan dán mi wò. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí ọdún náà pé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Aṣòfin tó bá fẹ́ bi mínísítà ní ìbéèrè yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó. A ó pèsè ìdáhùn sílẹ̀, èmi ni n ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́rin: ọ̀kan fún mínísítà, ọ̀kan fún olórí ìgbìmọ̀, ọ̀kan fún aṣòfin tó béèrè, ọ̀kan tí yóò wà lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ìwé kan tún wà tí kò ní ẹ̀dà. Òyìnbó olùdámọ̀ràn tó ní yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mínísítà ló máa ń kọ ọ́. Ohun tí mínísítà gbọ́dọ̀ mọ̀ tí kò sì gbọdọ̀ sọ ló máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí yóò sọ bí aṣòfin náà bá tún dìde. Ìwé ẹ̀yìn ni a ń pè é. Lórí bébà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni a máa ń tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ má baà ṣì í mú.

Lọ́sẹ̀ yẹn, bébà pupa ti tán. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o bọ̀ kò tíì dé. Ọ̀gá wa ní kí n lo funfun, kí n fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà kékeré sí igun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Ọkùnrin tó jókòó sórí àga mi kí n tó dé gbàgbé ìwé ẹ̀yìn kan sórí tábìlì tí wọ́n ti ń mu kọfí. Kò sí ẹni tó mú un, bóyá kò tilẹ̀ sí ẹni tó kà á. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ tábìlì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa sọ ìtàn yìí fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kan náà lé mi lọ́wọ́.

Ìbéèrè márùn-ún ló wà fún àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó ni ìkẹta jẹ́ aṣòfin láti ìlú wa, ní apá Atakpamé. Ó ń béèrè ìgbà tí wọn yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n ti ṣèlérí fún ìlú náà láti ọdún méjì. Mo tẹ ìdáhùn rẹ̀: ìjọba kò gbàgbé, ilé náà yóò dìde ní àkókò tó bá yẹ. Lẹ́yìn náà mo tẹ ìwé ẹ̀yìn rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Owó ilé náà kò sí mọ́. A ti fi tún ilé àlejò tó wà létí òkun ṣe, nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Paris. Bí aṣòfin náà bá tẹnu mọ́ ọn, kí mínísítà sọ pé àwọn ẹnjiníà ṣì ń yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Mo tẹ̀ ẹ́ láìṣe àṣìṣe kan.

Agbẹ̀bí ni ìyá mi ní ìlú náà. Yàrá tí a ti bí mi ló fi ń gba àwọn aboyún. Bí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń gbé igbá sí ibi mẹ́ta láti fi gba omi tó ń jò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ìka ló fi ń wá ibi tí yóò ti gé ìwọ́ ọmọ. Tíṣà ìlú wa tó máa ń bá a kọ lẹ́tà kọ ọ́ sí mi pé ìyá mi ti ń sọ fún àwọn obìnrin pé ọmọ tí wọ́n bá lóyún rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè yìí, inú ilé funfun tí ìjọba yóò kọ́ ni wọn yóò bí i sí, àti pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé náà ni òun yóò sinmi. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí mi ní Hanoukopé. Mi ò tíì fèsì. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kì í jáde ní ọ́fíìsì, mo sì ti búra.

Ọ̀nà kò jìn láti ọ́fíìsì wa dé ilé ìgbìmọ̀. Ẹsẹ̀ mi yá. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ iyanrìn lu ojúgun mi. Bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn tán tí mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣòfin ìlú wa ni mo kàn, ó dá dúró, ó ń nu awò ojú rẹ̀.

Àgbà ni. Ó ju bàbá mi lọ. Nílùú wa, a kì í kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóòró, a kì í sì í kí i tòun ti ẹrù lọ́wọ́. Ìwọ yóò sọ ẹrù kalẹ̀, ìwọ yóò sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Àwọn sísítà bá wa jà títí lórí rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún. Ní iwájú wọn a ó dúró. Bí a bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, orúnkún wa á tún kanlẹ̀. Mo gbé fáìlì méjèèjì lé orí ògiri kúkurú tó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, mo sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ agbẹ̀bí. Ṣé dáadáa lo wà ní—"

Afẹ́fẹ́ ṣí fáìlì tí n kò so. Ìwé fọ́n ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi orúnkún rá lọ rá bọ̀. Bàbá fi sálúbàtà tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má baà lọ sójú títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀!"

"Kí n wá máa wò ọ́? Afẹ́fẹ́ yìí kò mọ àgbà, kò mọ ìjọba."

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já àwọn tó ṣà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ́ ìwé sílẹ̀, mo fi nọ́ńbà tó wà lórí wọn tò wọ́n. Mo kà wọ́n. Ogún ni mo kó wá láti ọ́fíìsì, ogún náà ló wà nílẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo pín wọn, méjì sínú fáìlì mínísítà, méjì sínú fáìlì ìgbìmọ̀, mo so okùn. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí pé iye pé. Iye ni mo kà. Mi ò wo igun.

Nínú gbọ̀ngàn, mo fa fáìlì ìgbìmọ̀ lé ońṣẹ́ tó fi ẹ̀wọ̀n fàdákà sọ́rùn lọ́wọ́. Nọ́ńbà nìkan lòun náà ń wò: ti olórí ìgbìmọ̀, ó gbé e fún un, ti aṣòfin, ó gbé e sí iwájú onítọ̀hún. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn òṣìṣẹ́, lẹ́yìn àwọn mínísítà, mo sì tú fáìlì mínísítà láti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi lé e lọ́wọ́.

Ìkíní: ìdáhùn, ìwé ẹ̀yìn. Ìkejì: ìdáhùn, ìwé ẹ̀yìn. Ìkẹta: ìdáhùn, ìdáhùn.

Mo tún un wò. Mo yí i padà bí ẹni pé ìlà pupa lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè. Ní òdìkejì gbọ̀ngàn, Bàbá ti gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ìwé kan ṣoṣo sì wà níwájú rẹ̀. Ojú mi ríran nígbà náà. Mo rí ìlà pupa náà ní igun òkè, kò gùn ju èékánná lọ.

Agogo lù. Bí agogo bá ti lù, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kọjá láàárín gbọ̀ngàn mọ́.

Ọ̀gá wa jókòó tì mí. Ará àdúgbò Bè ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí mínísítà ojú ọ̀nà ń ṣàlàyé ìdí tí afárá kan fi wó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó ní òjò ló wó o. Òjò, talákà! Bí òjò bá lè sọ̀rọ̀, òun náà ì bá béèrè agbẹjọ́rò." Ó bojú wò mí. "Kí ló dé? Ojú rẹ ti funfun ju ti olùdámọ̀ràn lọ."

"Ọ̀gá, ìwé ẹ̀yìn ìkẹta kò sí nínú fáìlì."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gba fáìlì, ó wò ó, ó dá a padà sí itan mi.

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ṣé o rántí ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kọ ọ́. Kíá. Olùdámọ̀ràn ń wo ibí." Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé: "Ó máa ń ka àwọn ìwé ẹ̀yìn lẹ́yìn ìjókòó, kó tó sun wọ́n. Kí márààrún pé. Bí ó bá ku ọ̀kan, mamusẹ́ẹ̀lì, o mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ yóò gbà."

Kò béèrè ibi tí ìwé náà wà. Mi ò sì sọ fún un.

Pẹ́ńsù pupa nìkan ló wà lápò mi. Òun ni mo fi kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìdáhùn tó lé, gbólóhùn mẹ́ta, kò yẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ṣeé kà dáadáa. Títí di òní, tí mo bá rántí ọjọ́ náà, kì í ṣe àwọn ìwé tó fọ́n ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí kò ṣe bí mo ṣe yára kọ ọ́. Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́kọ̀ọ́ láti yára tó bẹ́ẹ̀. Mo na fáìlì sí mínísítà láti ẹ̀yìn, ó gbà á láìwo ẹ̀yìn.

Ìbéèrè kìíní lọ, èkejì lọ. Mi ò gbọ́ wọn. Bàbá ni mò ń wò. Ó ti ka ìwé náà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó sì ń fi ojú wá nǹkan lórí bẹ́ńṣì wa títí ó fi bá mi. Mo wo ilẹ̀.

Olórí ìgbìmọ̀ pe ìkẹta. Bàbá dìde, ó ka ìbéèrè rẹ̀ bí ó ti kọ ọ́, ó jókòó. Mínísítà dìde, ó ka ìdáhùn rẹ̀ bí mo ti tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá parí síbẹ̀, a ti kọjá odò. Ṣùgbọ́n Bàbá tún dìde, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mínísítà," ni ó wí ní Faransé rẹ̀ tó máa ń lọ́ra. "Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Ṣé owó ilé náà ṣì wà?"

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún mínísítà kó gba ẹnu ọ̀nà òótọ́ jáde fúnra rẹ̀. Mínísítà kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun ló ra bàtà fún àwọn ońṣẹ́ ọ́fíìsì wa lọ́dún yẹn. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń yọ òógùn. Ó ṣí ojú ewé, ó wo ọ̀rọ̀ tí mo fi pẹ́ńsù pupa kọ.

"Àwọn ẹnjiníà," ni ó wí, "ṣì ń yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò."

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ìka Bàbá ń lọ lórí ìlà ìkẹyìn ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àti ìka jọ dé òpin pọ̀.

Àwọn aṣòfin tó wà ní apá tirẹ̀ ti rí i pé nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan kígbe pé, "Bàbá, ẹ ka ìyẹn fún wa!" Òmíràn ní, "Ẹ kà á, kí etí wa jẹun!" Olórí ìgbìmọ̀ lu agogo. Olùdámọ̀ràn na ọrùn. Mo di etí bẹ́ńṣì mú. Mo ti ń rò ó bí n ó ṣe di àpótí mi ní Hanoukopé, ohun tí n ó sọ fún ìyá onílé, ọkọ̀ ojú irin tí n ó wọ̀ padà sí Atakpamé, àti bí gbogbo ìlú yóò ṣe gbọ́ pé ọmọ agbẹ̀bí tí wọ́n rán lọ sílé ìwé ti padà wálé ní ọ̀nà ẹ̀tẹ́. Bí ó bá kà á, ìlú wa yóò mọ ẹni tó jẹ ilé wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ń gbàdúrà kó má kà á.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò àgbádá.

"Mo dúpẹ́," ó ní. "Kí mínísítà bá mi kí àwọn ẹnjiníà náà. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí wọ́n ti mọ gbogbo èèrà inú rẹ̀ lórúkọ."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mínísítà náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa fi ọwọ́ gbá itan, ó ní, "Bàbá yìí! Bàbá yìí!" Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, àti Bàbá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìjókòó tú, mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi ògiri kúkurú yẹn, bí ẹni tó ń dúró de ènìyàn. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ nígbà tí ó di apá mi mú tí ó sì gbé mi dúró. Ó na ìwé náà sí mi. Àmì sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn. Òun gan-an ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tó sì fà lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?" Èdè ilé wa ló fi bi mí.

"Èmi ni, Bàbá."

"Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

"Ṣé o ti ránṣẹ́ sílé?"

"Rárá, Bàbá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Ọmọ mi mẹ́ta ni ìyá rẹ gbẹ̀bí wọn," ó ní. "Bí mo bá kà á, ìwọ ni wọn yóò lé. Òyìnbó yẹn yóò jókòó, yóò kọ òmíràn, wọn yóò sì wá ẹlòmíràn tí yóò tẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ́ dúpẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo tún kọ ọ́ fún mínísítà, pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé náà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa yọjú láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, olùdámọ̀ràn wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá.

"Mamusẹ́ẹ̀lì! Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, ọ̀gá," ni mo dáhùn. "Ó bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbí." Irọ́ kọ́ ni.

Bàbá ti dé fìlà rẹ̀, ó ti sọ̀ dé àtẹ̀gùn kejì. Ó dúró, ó yíjú padà, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́ lásán sí ilé kejì.

"Bí o bá kọ̀wé sílé, sọ fún ìyá rẹ pé kó má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀."